Ṣọ́bìrì Ara Igi Máńgòrò

Dókítà Àsùbíàrò ló ní kí n máa rìn.
Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru bí ògì tí wọ́n gbàgbé sórí iná,
kí n fi iyọ̀ sílẹ̀, kí n fi ìbínú sílẹ̀.
Iyọ̀ rọrùn.

Ni mo ṣe ń jí rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè,
lójú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀yìn àwọn bíríkìlà,
tó sì já sí etí odò Ọ̀ṣun.
Kì í ṣe ọ̀nà tèmi nìkan.
Àwọn ọmọ iléèwé ń gbà á.
Ìyá Morádéyọ̀ ń fi bàtà pupa ọmọ rẹ̀ sáré níbẹ̀,
oníkẹ̀kẹ́ ológeere kan ń tẹ aago kiri.
Àti ẹṣin.

Ẹṣin pupa, àmì funfun níwájú orí,
Sùúrù ni wọ́n ń pè é.
N kò tíì fojú rí i tí mo ti fi bàtà mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́rú ni. Ìrì ṣì wà lórí koríko.
Bàtà tuntun tí Títílọpẹ́ fi ránṣẹ́ láti Kánádà
wọ inú òkìtì tó ṣì ń rú èéfín.
Ìyá Morádéyọ̀ ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá Tíṣà."
N kò dáhùn.
Ẹni tó ṣu a máa gbàgbé;
ẹni tó tẹ̀ ẹ́, tó ń fi igi ìṣáná ha á
láti ihò kan dé ìkejì lábẹ́ bàtà,
yóò ha á dé ojú àlá.

Lọ́jọ́ kejì mo lúgọ.
Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu bí ẹni to bíríkì.
Ó yọ, ó ga lókè bí ẹni tí ayé kò kàn:
Gàníyù Akínlawọ́n, tó ń gbé àwọn ọmọdé gẹṣin lọ́jọ́ Iléyá,
tó ń gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.
Mo kígbe: "Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀!
Sọ̀ kalẹ̀, kó o wá kó ẹrù rẹ!"

Ó fa ìjánu. Sùúrù dúró, ó mí gbígbóná sí mi lọ́rùn.
"Tíṣà, ilẹ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.
Orúnkún mi méjèèjì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀.
Àpótí ni mo fi ń gùn ún nílé,
ọmọ mi a tì mí nídìí bí àpò sìmẹ́ǹtì.
Bí mo bá sọ̀ níbí, ta ni yóò gbé mi padà?
Mo ń rí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń bojú wẹ̀yìn,
tí ojú ń tì mí,
tí ẹṣin sì ń lọ."

Gbogbo bíríkì wó sí mi lẹ́nu.
Ẹni tó ti dàgbà mọ ohun tí orúnkún lè fojú ẹni rí.

Òun ló ra ṣọ́bìrì. Èmi ni mo gbé e kọ́ sára igi máńgòrò.
A kò kọ òfin kankan sára pátákó.
Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni yóò gbá a sínú koríko,
kì í ṣe sójú omi, nítorí àwọn kan ń pọn nísàlẹ̀.
Gàníyù náà, bó bá rí ọmọdé, a fa Sùúrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
a sì pohùn kó tó kọjá lẹ́yìn ẹni.
Oníkẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ búra pé òun kì í ṣe ẹrú ẹṣin.
Nígbà tó di oṣù kejì, mo bá a tó ń gbá a, tó ń súfèé.
Ìyá Morádéyọ̀ ń kó èyí tó ti gbẹ lọ sídìí ṣọkọ rẹ̀;
ó ní ewé rẹ̀ ti fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Èmi náà ti di ọ̀mọ̀wé imí.
Mo mọ èyí tó jẹ ọkà bàbà,
mo mọ èyí tó jẹ koríko tútù láàjẹjù,
mo mọ òwúrọ̀ tí ara Sùúrù kò yá.

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀nà mọ́ tónítóní.
Ìyá Morádéyọ̀ ní ká dúpẹ́.
N kò rí ọpẹ́ dú.
Mo já ṣọ́bìrì lára igi, mo gbé e lé èjìká,
mo yà kúrò lójú ọ̀nà tí dókítà yàn fún mi,
mo ń bi gbogbo ẹni tí mo bá pàdé léèrè
ilé ẹlẹ́ṣin.